Ogun Inú Ẹ̀dọ̀fóró: Ohun tí Ó Ń Sọ Ikọ́ di Ikú

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí ewéko gbẹ, tí eruku sì bo ojú ọ̀nà, kò sí ilé tí a kì í gbọ́ ikọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ a máa lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹni tí ó ń ro oko lánàá yóò dùbúlẹ̀ lónìí pẹ̀lú ibà; nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ keje tàbí ọjọ́ kẹwàá yóò bẹ̀rẹ̀ sí mí hẹlẹhẹlẹ; kí àwọn ará ilé tó mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, ẹ̀mí ti bọ́.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí onílé àti àgbẹ̀ bèèrè ni èyí: kí ni ó pa ẹni náà? Bí ó bá dáhùn pé kòkòrò àìsàn ni, òtítọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ tán. Àwọn àgbà a máa wí pé kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Àwọn oníṣègùn ti rí i gbangba pé nínú òtútù àyà líle tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, apá ńlá nínú ìparun náà ti inú ara aláìsàn fúnra rẹ̀ wá. Àwọn ọmọ ogun tí Ẹlẹ́dàá fi ṣọ́ ara ni wọ́n ń wó ilé tí a fi wọ́n ṣọ́. Ẹni tí ó bá mọ ìdí rẹ̀ yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó yára lọ sí ilé ìwòsàn, yóò sì mọ egbòogi tí kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lò.

ỌDÚN 1918

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ sí òpin, ọkọ̀ òkun gbé àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà wọ èbúté Èkó. Ó ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní Freetown ní ilẹ̀ Sàró ní oṣù kẹjọ. Láti Èkó ni ó ti bá àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin àti àwọn oníṣòwò wọ àwọn ìlú òkè. Ìṣirò àwọn òpìtàn ni pé bí 500,000 ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà, nígbà tí gbogbo ará ilẹ̀ náà kò ju bí 18 mílíọ̀nù lọ. Ní gbogbo ayé, a ṣírò pé ó kéré tán 50 mílíọ̀nù ni ó kú.

Ohun tí ó ya àwọn oníṣègùn lẹ́nu jùlọ ni irú ẹni tí ó ń kú. Inflúẹ́ńsà a máa mú ọmọ ọwọ́ àti arúgbó lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún náà, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 20 sí 40, àwọn tí ń kọ ebè, tí ń ru ẹrù, tí ń tọ́ ọmọ, kú púpọ̀púpọ̀. Agbára apá kò dá ikú dúró.

Ó yẹ kí a sọ èyí pẹ̀lú: nínú púpọ̀ jùlọ àwọn òkú ọdún 1918 tí a yẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn wò, a rí bakitéríà tí ó wọlé lẹ́yìn tí fáírọ́ọ̀sì ti ba ilẹ̀kùn jẹ́. Kò sì tíì sí egbòogi fún bakitéríà nígbà náà, nítorí ọdún 1928 ni a tó rí pẹnisílínì. Fáírọ́ọ̀sì, bakitéríà, àti ìbínú ara fúnra rẹ̀: àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni wọ́n dìmọ̀lù.

BÍ Ẹ̀DỌ̀FÓRÓ TI RÍ

Ọ̀nà tí èémí ń gbà wọlé dàbí igi tí a dorí rẹ̀ kodò. Ìtì rẹ̀ wà ní ọ̀fun. Ó yà sí ẹ̀ka méjì, ẹ̀ka a tún máa yà sí ẹ̀ka, títí yóò fi dé orí àwọn àpò kéékèèké tí iye wọn ju 300 mílíọ̀nù lọ. Ara àwọn àpò wọ̀nyí fẹ́lẹ́ ju awọ inú àlùbọ́sà lọ. Afẹ́fẹ́ wà ní ìhà kan, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní ìhà kejì. Níbẹ̀ ni ọ́síjìn, èyí tí ó ń mú ẹ̀mí dúró, ti ń kọjá sínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀ rántí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ́ bá ṣá a ní ẹsẹ̀. Ojú ibẹ̀ yóò pọ́n, yóò wú, yóò gbóná, yóò sì máa ro ó. Kì í ṣe ọkọ́ ni ó fa wíwú náà tààrà. Ara ni ó ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí omi àti àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ lè jáde wá sí ojú egbò, kí wọ́n pa kòkòrò, kí wọ́n kó ìdọ̀tí, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ohun rere ni. Láìsí i, egbò kékeré ìbá máa pa ènìyàn. Ẹsẹ̀ sì ní ààyè láti wú.

Ẹ̀dọ̀fóró kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Bí omi bá jáde níbẹ̀, inú àpò tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà ni yóò dà sí. Bí àpò tí omi kún bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ́síjìn tí ń wọ ẹ̀jẹ̀ yóò máa dín kù, títí aláìsàn yóò fi dàbí ẹni tí ó ń rì sómi lórí ẹní rẹ̀.

AKÉDE TÍ A DÌ LẸ́NU

Fáírọ́ọ̀sì kò lè bí sí i fúnra rẹ̀. Ó ní láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì, èyí tí í ṣe yàrá kéékèèké tí a fi mọ ara, kí ó sì fi ohun èlò inú rẹ̀ ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ara rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí a bá wọ̀ báyìí a máa ké gbàjarè. Ní ọdún 1957, ní ìlú London, Alick Isaacs àti Jean Lindenmann rí ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ké, wọ́n sì pè é ní interferon. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìtòsí bá gbọ́ igbe yìí, wọn a ti ilẹ̀kùn wọn, wọn a sì pèsè àwọn ohun tí kò ní jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì rí ààyè bí sí i. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Nígbà tí akéde bá tètè ké, ogun kékeré ni a ó jà, yóò sì parí láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀fìnkìn àti ibà díẹ̀ ni aláìsàn yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì ní ọgbọ́n àrékérekè. Ti inflúẹ́ńsà ní èròjà kan tí a ń pè ní NS1, olórí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di akéde yìí lẹ́nu. Fáírọ́ọ̀sì kòrónà náà ní ohun èlò tí ó fi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti di akéde lẹ́nu, fáírọ́ọ̀sì yóò máa bí sí i ní ìdákẹ́jẹ́. Nígbà tí igbe bá sì wá jáde níkẹyìn, àpò inú ẹ̀dọ̀fóró tí a ti gbà ti pọ̀ jù, ogun ńláńlá ni yóò sì jẹ́ ìpè náà.

Báyìí ni ogun náà ṣe ń ba ilé jẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń gbé inú ẹ̀dọ̀fóró yóò tú oríṣiríṣi ìránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni interleukin-6. Ìránṣẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n ń mú ibà gbóná, tí wọ́n sì ń mú kí ara iṣan ẹ̀jẹ̀ máa jò. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun tí a ń pè ní neutrophil yóò ya wọlé. Ohun ìjà wọn ni oró tí ó lè jẹ ẹran ara. Ní ọdún 2004 àwọn olùwádìí ní Berlin sì rí i pé wọ́n tún máa ń na àwọ̀n láti inú ara wọn láti fi mú kòkòrò. Àwọ̀n yìí a máa mú bakitéríà, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, a máa dọ́gbẹ́ sí ara àpò afẹ́fẹ́, a sì máa mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan kéékèèké. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá kú yóò tú ohun inú rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó tú sílẹ̀ yìí yóò tún máa pe ọmọ ogun mìíràn. Nítorí náà ìjà lè máa bọ́ ara rẹ̀, kódà nígbà tí fáírọ́ọ̀sì tí ó dá a sílẹ̀ ti ń dín kù. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nínú àrùn kòrónà, ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ń burú sí i.

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn lára eku ní ọdún 2016. Wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì SARS, tí ó jẹ́ ìbátan kòrónà, sí eku lára. Eku tí a fún ní interferon ní kùtùkùtù yè. Níbi tí ti ara eku fúnra rẹ̀ ti pẹ́ kí ó tó jáde, ẹ̀jẹ̀ funfun wọ́ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, eku sì kú. Nígbà tí a mú irú ẹ̀jẹ̀ funfun wọ̀nyí kúrò, eku púpọ̀ yè, bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì inú wọn kò dín. Ìpè kan náà tí ó gba ẹ̀mí là ní kùtùkùtù ni ó di okùnfà ikú nígbà tí ó pẹ́.

IBOJÌ KAN NÍ ALASKA

Ní ìlú kékeré kan ní Alaska tí a ń pè ní Brevig Mission, níbi tí àwọn ajíhìnrere ìjọ Lútérì ti ṣiṣẹ́, inflúẹ́ńsà pa 72 nínú 80 àgbàlagbà ìlú láàrin ọjọ́ márùn-ún ní oṣù kọkànlá ọdún 1918. A sin wọ́n pọ̀ sínú ilẹ̀ tí yìnyín ti mú kí ó dì gbagidi. Ní ọdún 1951, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ilẹ̀ Sweden, Johan Hultin, gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú, ó sì mú ẹ̀ya ẹ̀dọ̀fóró láti inú ibojì náà. Ṣùgbọ́n kò rí fáírọ́ọ̀sì jí dìde nínú rẹ̀. Ní ọdún 1997, nígbà tí ó di ẹni ọdún 72, ó padà lọ. Ó rí òkú obìnrin kan tí ọ̀rá ara rẹ̀ ti dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ́wọ́ ìdíbàjẹ́. Láti inú èyí àti àwọn ẹ̀ya ara mìíràn tí a ti tọ́jú láti ọdún 1918, Jeffery Taubenberger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka gbogbo àkọsílẹ̀ inú fáírọ́ọ̀sì náà. Iṣẹ́ náà parí ní ọdún 2005, a sì tún fáírọ́ọ̀sì náà ṣe nínú yàrá ìwádìí tí a sé gbọnyin.

Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí ní Winnipeg ní ilẹ̀ Kánádà ròyìn ohun tí ó ṣe lára ọ̀bọ. Lára ọ̀bọ tí a fún ní inflúẹ́ńsà lásán, ìjà ara gbéra, ó borí, ó sì rọlẹ̀. Lára àwọn tí a fún ní ti ọdún 1918, àwọn ohun tí interferon ń pè jáde kò tó bí ó ti yẹ, fáírọ́ọ̀sì ń bí sí i, ìjà ara gbéra kò sì rọlẹ̀ mọ́. Ẹ̀dọ̀fóró wọn kún fún omi àti ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá àwọn ará Alaska àti ti Èkó hàn kedere lẹ́yìn bí 90 ọdún.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI INÚ ÀGÒ ADÌẸ

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn olùsìn adìẹ gidigidi. Inflúẹ́ńsà adìẹ tí a ń pè ní H5N1 kọ́kọ́ mú ènìyàn ní Hong Kong ní ọdún 1997. Ènìyàn 18 ni ó mú, 6 sì kú. Ó dé Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2006, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Áfíríkà, obìnrin kan sì kú nípasẹ̀ rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2007. Ní ọdún 2006 bákan náà, àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Vietnam wọn fáírọ́ọ̀sì àti ìránṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn náà mú. Àwọn tí fáírọ́ọ̀sì pọ̀ jù nínú ọ̀fun wọn ni ìránṣẹ́ pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àwọn náà sì ni ó kú. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fà yọ ni pé kí a tètè fi egbòogi dá fáírọ́ọ̀sì dúró kí ogun tó pọ̀.

ÀWỌN TÍ IGBE WỌN KÒ DÓDE

Kí ni ìdí tí ọkọ yóò fi kú, tí ìyàwó tí ó jọ ń bá a gbé yàrá yóò fi húkọ́ ọjọ́ mẹ́ta kí ó sì dìde? Ní ọdún 2020, Jean-Laurent Casanova àti ẹgbẹ́ olùwádìí láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè rí apá kan nínú ìdáhùn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 987 wò tí kòrónà mú dé ojú ikú. Nínú 101 lára wọn, ara fúnra rẹ̀ ti pèsè ohun tí ń pa interferon lẹ́nu mọ́. Nínú ènìyàn 663 tí àrùn náà mú wẹ́rẹ́, a kò rí i lára ẹnì kan. Nínú àwọn 101 náà, 95 jẹ́ ọkùnrin, púpọ̀ nínú wọn sì ti dàgbà. Ohun mìíràn tún wà tí ó ń mú kí ìjà ara ṣìnà: ọjọ́ ogbó, àtọ̀gbẹ, àti ọ̀rá àpọ̀jù nínú ara. Nínú inflúẹ́ńsà, ewu aboyún pọ̀ ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ aláìsàn, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ọ̀tá inú ilé. Kí ìjọ má ṣe fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni nítorí irú ikú bẹ́ẹ̀.

EGBÒOGI KAN, ÀKÓKÒ MÉJÌ

Ní ọdún 2020 kan náà, àwọn oníṣègùn ní Ìlú Ọba, tí Peter Horby àti Martin Landray ti Yunifásítì Oxford ṣáájú wọn, dán dexamethasone wò lára àwọn tí kòrónà gbé dé ilé ìwòsàn. Egbòogi àtijọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ọmọ ogun inú ara padà sílé. Ènìyàn 2,104 ni a fún. 4,321 ni a tọ́jú láìsí i.

Nínú 100 ènìyàn tí ẹ̀rọ ń bá mí, 41 ni ó kú láìsí egbòogi náà, ṣùgbọ́n 29 ni ó kú nínú àwọn tí a fún. Nínú 100 tí ń gba ọ́síjìn láìsí ẹ̀rọ tí ń bá wọn mí, 26 dín kù sí 23. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí kò nílò ọ́síjìn rárá, egbòogi náà kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: 14 ni ó kú láìsí i, 18 sì ni ó kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìyàtọ̀ ìkẹyìn yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè dá egbòogi náà lẹ́bi pátápátá, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ni ó jẹ́.

Ìdí rẹ̀ yé ẹni tí ó bá ti ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀tá ṣì wà lẹ́nu odi, ẹni tí ó bá pe ọmọ ogun padà ti fi ìlú lélẹ̀. Nígbà tí ọ̀tá ti ń sá, tí ọmọ ogun sì ń jó ilé àwọn ará ìlú, ẹni tí kò bá pè wọ́n padà ti pa ìlú run. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ara tí ó yè ni èyí tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ fún ọwọ́ méjèèjì.

Dexamethasone yìí gan-an ni àwọn kan ń rà lọ́jà kí wọ́n lè sanra, tí àwọn mìíràn sì ń pò mọ́ oògùn ikọ́. Ewu ńlá ni. Ó ń sọ agbára ara di aláìlera sí kòkòrò, ó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga, bí a bá sì lò ó pẹ́, ó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ONÍLÉ ṢE

1. Kí a tètè ṣàkíyèsí èémí. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì tí ó ń mí tó 60 láàrin ìṣẹ́jú kan, ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá tí ó ń mí tó 50, ọmọ ọdún kan sí márùn-ún tí ó ń mí tó 40: kí a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Àgbàlagbà tí ó bá ń mí ju 30 lọ wà nínú ewu.

2. Bí ibà bá rọlẹ̀, tí ó sì tún padà wá pẹ̀lú èémí kúkúrú, kí a má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ó lè jẹ́ bakitéríà ni ó wọlé, ó sì lè jẹ́ ogun inú ara ni ó ń pọ̀ sí i.

3. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a fi ń há ìka láti mọ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Bí ohun tí ó kà bá wálẹ̀ ju 94 lọ, kí a lọ rí oníṣègùn. Bí ó bá wálẹ̀ ju 90 lọ, aláìsàn nílò ọ́síjìn kíákíá.

4. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo dexamethasone tàbí irú rẹ̀ láìsí àṣẹ oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí oníṣègùn ti fi í sí orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣàdédé dá a dúró.

5. Kí a gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Abẹ́rẹ́ ń kọ́ ara láti dá ọ̀tá mọ̀ kí ó tó wọlé, kí ogun lè kéré kí ó sì yára parí. Láti ọdún 2014 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí fi abẹ́rẹ́ tí ń dènà bakitéríà òtútù àyà kún ti àwọn ọmọ ọwọ́.

6. Bí adìẹ bá ń kú lójijì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, kí a má ṣe pa á jẹ, kí a má ṣe tà á, kí a má sì fi ọwọ́ lásán gbé e. Kí a sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera ẹran.

7. Kí a gbé iná igi jáde kúrò nínú yàrá tí ọmọdé ń sùn sí, nítorí èéfín ń dọ́gbẹ́ sí ẹ̀dọ̀fóró kí àrùn tó dé rárá.

Àwọn tí inflúẹ́ńsà mú ní ọdún 1918 kò ní ọ́síjìn nínú àgbá, wọn kò ní egbòogi fún bakitéríà, wọn kò sì mọ ìdí tí ọ̀dọ́ tí ó le koko fi ń ṣubú. Àwọn tí ó wà láàyè lónìí mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ikọ́ bá di èémí kúkúrú nínú ilé, kí onílé má ṣe dúró de òwúrọ̀ kí ó tó wá ọkọ̀ tí yóò gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn.